Ẹ Má Nu Imú Ọmọ Náà

Enelesi ni orúkọ àbísọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ìsàlẹ̀ oko tíì kò mọ orúkọ yẹn. Màmá Imú ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí àwọn ọmọdé náà bá ti rí bàtà òjò wọn láàárín àwọn ìlà tíì, wọn á pariwo pé, "Màmá Imú ń bọ̀! Ẹ fi imú yín pamọ́!" Wọn á fi ọwọ́ bo imú, wọn á sì sá wọlé. Èmi ń pè wọ́n ní Màmá Kékeré, nítorí àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Johannesburg.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òwú wà lórí rẹ̀ bọ imú àwọn ọmọ ọwọ́, kí wọ́n yí i, kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n sì jù ú sínú ìgò kékeré kan fún àwọn dókítà. Ọwọ́ wọn yá sí i débi pé wọ́n á ti dé ìgò náà lórí kí ọmọ tó rántí pé ó yẹ kí òun sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ, wọ́n á sì bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ó wúkọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé imú rẹ̀ ṣàn, ṣé àyà rẹ̀ dún. Ó parí nìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tíì ni wọ́n ń já bíi ti gbogbo obìnrin àgbègbè wa, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ láyà. Bí chiperoni bá dé, òjò wínníwínní á máa kùn láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́, kùrukùru kò ní jẹ́ kí èèyàn rí ẹni tó wà ní ìlà kejì, aṣọ tí wọ́n fi gbé ọmọ kò sì ní gbẹ. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin wọn àkọ́kọ́ kú. Ikọ́ ló pa á. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Nígbà tí àwọn dókítà wá ń wá obìnrin kan tó lè kàwé, tí àwọn obìnrin yòókù á sì ṣílẹ̀kùn fún, orúkọ Màmá Kékeré ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa kọ́kọ́ dá.

Ọ̀gá àwọn dókítà náà ni Dókítà Chirambo, obìnrin kan tó wá láti apá àríwá. Nínú ilé ìjọsìn ló ti ṣàlàyé fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ. Ó ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée, àwọn tí àyà wọn ń dún bíi fèrè, tí wọn kò lè sáré dé ibi tí ẹgbẹ́ wọn ń sáré dé. Bí a bá bi ìyá wọn, á ní òtútù kan mú un nígbà tó wà lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni kò ti gbádùn. Àwọn kan ní òtútù yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ti lálèébù láti inú oyún, ìdí nìyẹn tí òtútù fi rí i gbé ṣánlẹ̀. Èwo ló ṣáájú? A kò mọ̀. Nítorí náà la ṣe fẹ́ tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí ẹ bá bí wọn títí wọn á fi wọ ilé-ìwé."

Ìyá àgbà kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Kí ẹ máa yọjú wo imú ọmọ títí á fi wọ ilé-ìwé? Ẹ ò mà níṣẹ́ o!"

Gbogbo ilé ìjọsìn rẹ́rìn-ín, Dókítà Chirambo náà rẹ́rìn-ín. Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, nǹkan kan ń rú àwọn dókítà lójú. Ní àwọn àgbègbè mìíràn, kò sí oṣù tí imú ọmọ kì í ṣàn. Ní tiwa, kódà nínú chiperoni, imú gbogbo ọmọ gbẹ, kò sí ẹni tó wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí imú wọn gbẹ yìí náà ni àyà wọn ń dún nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Màmá Kékeré mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí nǹkan kan, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ ọmọ tiwọn. Bí wọ́n bá kígbe "Odi!" lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á dáhùn láti inú ilé pé, "Ẹ dúró díẹ̀!" Wọ́n á wá gbọ́ ohùn kan, fùrù, bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi ọbẹ̀ mu. Ìyá ọmọ ló ń fi ẹnu fa ikun imú ọmọ rẹ̀. Á tu ú sẹ́yìn ilé, á fi etí aṣọ chitenje rẹ̀ nu ọmọ lójú, á fi ìpara kùn ún, lẹ́yìn náà ni á tó ṣílẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ kí àlejò bá ikun lójú ọmọ òun?

Ọ̀wọ̀ àlejò nìkan kọ́ o. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ ọwọ́ bá ń wúkọ́, ẹjọ́ dé nìyẹn. Tsempho ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n á ní bàbá tàbí ìyá ti lọ bá ẹlòmíràn sùn kí ọmọ tó lágbára, ó sì gbé ooru ìta wọlé wá ba ọmọ. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, wọ́n á jókòó. Nílé ìyàwó sì ni gbogbo ọkọ ń gbé ní ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹní rẹ̀ ni wọ́n á ká fún un, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí Màmá Kékeré bá bi obìnrin kan pé ṣé ọmọ rẹ̀ wúkọ́, ohun tí obìnrin náà ń gbọ́ ni pé kí ó wá jẹ́rìí lòdì sí ọkọ rẹ̀, tàbí lòdì sí ara rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Kékeré sọ èyí fún Dókítà Chirambo, ó ní, "Màmá, ẹnu yín nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ pé kí wọ́n má fi ikọ́ pamọ́ mọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé Falesi, ìyá ọ̀dọ́ kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò. Wọ́n kígbe "Odi!", wọ́n gbọ́ fùrù, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Imú. Ara ọmọ le."

"Falesi, kí lo ń fà mu lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Tíì ni?"

Falesi bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bo ojú. "Háà, Màmá! Àlejò mà ni yín. Ṣé kí ẹ wá bá ikun lójú ọmọ ni?"

"Ikun ni mo wá bá! Bí mo bá wá ra ẹja, ṣé wàá sáré lọ gbé ẹja pamọ́, kí o wá fi àwo òfìfo hàn mí? Imú ta ló gbẹ nínú òjò yìí? Tèmi gan-an ń ṣàn."

Falesi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ni. Ẹ ṣáà mọ ẹnu wọn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbọ́, Falesi. Ọmọkùnrin mi wúkọ́ títí ó fi kú. Ọkọ mi kò sì kúrò lórí ẹní mi lọ síbì kankan, èmi náà kò lọ. Ikọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Kò mọ ẹni tó sùn síta. Má nu imú ọmọ náà mọ́. Bí o bá sì rí i pé abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, má dúró de ẹnikẹ́ni, pè mí, kí n pe ọkọ̀ àwọn dókítà."

Falesi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa gbọ́ pé Màmá Imú bí ọmọkùnrin rí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ilé dé ilé nìyẹn, títí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ jáde pẹ̀lú ikun lójú. Ó di ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí ẹnì kan bá sín nínú ìjọ, ẹlòmíràn á sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ má nu imú ọmọ náà o!" Mo máa ń rò pé inú àwọn ọdún yẹn ni inú Màmá Kékeré dùn jù.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, Tiyamike. Ó ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bí ọmọbìnrin kan tó wúkọ́ kú kó tó lè dá jókòó. Bàbá Bizeki, ẹ̀gbọ́n Màmá Kékeré, ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, torí ọwọ́ wọn ni ẹjọ́ gbogbo ìgbéyàwó ilé wa wà. Wọ́n pè é ní tsempho. Wọ́n ká ẹní fún ọkọ náà. Ó gbé ẹní lé kẹ̀kẹ́, ó lọ, kò wẹ̀yìn. Ó pẹ́ gan-an kí Tiyamike tó tún gbà kí ọkùnrin wọ ilé rẹ̀.

Limbani lorúkọ ọkọ tó wá wọ ilé náà. Ìdí iná ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tíì, ibi tí wọ́n ti ń fi igi dáná tí ewé fi ń gbẹ. Òru ni wọ́n máa ń fi í sí jù. Nígbà tí Tiyamike bímọ fún un, bó bá dé láàárọ̀, á fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ fúnra rẹ̀, á sá a sórí ọgbà, àwọn obìnrin á sì dúró lójú ọ̀nà máa wò ó.

"Limbani, ṣé o ò tíì fún un lọ́mú ni?"

"Mo fún un. Ó ní kò níyọ̀."

Àwọn obìnrin á fẹ́ẹ̀ ṣubú fún ẹ̀rín. Yankho lorúkọ ọmọ náà. Bàbá Bizeki nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wá kí ọmọ, wọ́n ní, "Iṣẹ́ òru wo ni ọkùnrin ń ṣe nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì pupa lọ́wọ́?"

"Iná ni mo ń dá, Bàbá."

"Iná. Iná pọ̀ níta, ọmọ mi."

Limbani wolẹ̀.

Yankho náà wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń wo imú wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà Màmá Kékeré fúnra wọn ni. Wọ́n máa ń ṣe é bí eré. Inú ọgbà kan náà ni ilé wọn àti ti Tiyamike wà, wọ́n sì lè ti bá a jẹ ọ̀dùnkún láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí àkókò iṣẹ́ bá tó, wọ́n á gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n á yí ilé po, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọ wọn bí àlejò, wọ́n á ní, "Odi!" Tiyamike á dáhùn pé, "Ta nìyẹn o?"

Yankho kò tíì lè gbé orí dúró nígbà tí chiperoni dé. Àsìkò yẹn náà ni Bàbá Bizeki wá sí ìsìnkú kan nítòsí, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní bí òjò bá ti dá, àwọn á lọ. Òjò kò dá. Wọ́n gbé ìkòkò ẹyín iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń mu ògì thobwa gbígbóná.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Tiyamike ń ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ikọ́ náà bá ti fẹ́ jáde, tàbí kí ó gbé orin sókè. Kì í sábà kọrin. Gbogbo wa gbọ́ orin náà, gbogbo wa sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Màmá Kékeré gbé báàgì wọn, ṣùgbọ́n wọn kò yí ilé po, wọn kò sì pe "Odi." Wọ́n kàn wọlé, wọ́n gbé ọmọ jáde wá sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ògiri.

"Dókítà wa ti dé!" Bàbá Bizeki fi ife wọn sílẹ̀. "Ó yá, gbọ́ àyà ọmọ yẹn, kí àwa náà lè gbọ́. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ nǹkan kan tó dà bí ikọ́."

Màmá Kékeré ṣí aṣọ ọmọ. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé. Bó bá ti mí, awọ ibẹ̀ á lọ sínú, á tún jáde. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Àwọn ló kọ́ gbogbo wa bí a ṣe máa ń wò ó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí àyà ọmọ, wọ́n sì gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Tiyamike dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

Bí wọ́n bá pe ọkọ̀ àwọn dókítà, á dúró níwájú Bàbá Bizeki. Kò sí irọ́ tí wọ́n lè fi bo ikọ́ náà mọ́. Ẹní Limbani á di kíká kó tó dé láti ibi iṣẹ́.

Màmá Kékeré kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n gbé ẹnu lé imú ọmọ, wọ́n fa ikun rẹ̀, wọ́n tu ú sínú òjò. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ún mọ́ tónítóní. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mú igi olówùú jáde, tí wọ́n fi bọ imú náà, wọ́n yí i, wọ́n sì jù ú sínú ìgò.

"Àyà rẹ̀ mọ́," ni wọ́n wí. "Èéfín ẹyín iná yín yìí ló ń hún un lọ́fun. Ẹ gbé e jìnnà sí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Bàbá Bizeki dáhùn, wọ́n sì gbé ìkòkò náà sún. "Mo ti fẹ́ ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn ọkọ."

Ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí Màmá Kékeré ń sọ fún Tiyamike lábẹ́lẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá ti kúrò báyìí, màá pe ọkọ̀."

"Òjò yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Á dá. Á dá kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kò dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò mu ọmú mọ́, kò sì sunkún. Limbani dé láti ibi iṣẹ́, eérú wà ní irun rẹ̀. Ó bojú wo ọmọ lórí itan ìyàwó rẹ̀. Ètè Yankho ti rí bíi ti ọmọ ilé-ìwé tó lá íńkì búlúù. Limbani ṣí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó gbé ọmọ lé awọ àyà rẹ̀, ó de kóòtù náà padà, ó sì gbé kẹ̀kẹ́.

Bàbá Bizeki dìde. "Níbo lò ń gbé e lọ? Jókòó ná, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀!"

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Bàbá. Mò ń bọ̀."

Ó wọ inú kùrukùru. Tiyamike sáré tẹ̀lé e láìwọ bàtà.

Ọmọ náà kò kú. Wọ́n fi rọ́bà sí i nímú ní ọsibítù ńlá, wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́ títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, ẹní Limbani ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti di kíká, wọ́n sì fi okùn dì í. Bàbá Bizeki jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà méjì.

Màmá Kékeré kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ni. Dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Òtútù?" Bàbá Bizeki ní. "Ìwọ fúnra rẹ lo gbọ́ àyà ọmọ lójú mi. O ní ó mọ́. Òtútù wo ló bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ tó fẹ́ pa ọmọ láàárọ̀? Ohun tó bá dé wàrà báyẹn, gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. Kí ni ọkùnrin yìí sì ń sá fún nígbà tí mo ní kó jókòó?"

Àsìkò tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, àwa mẹ́ta tí a mọ̀. Tiyamike ń wò wọ́n. Limbani náà wò wọ́n, kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan, ó kàn ń retí pé ìyá ìyàwó òun, tó máa ń sọ pé ikọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí, á tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá Kékeré la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ wọn á lọ, ojú á sì gbà wọ́n tì níwájú gbogbo obìnrin tí wọ́n ti kọ́. Bóyá ìyẹn ni wọ́n ń rò. Èmi kò mọ̀. Limbani gbé ẹní rẹ̀.

Yankho dàgbà, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbàgbé. Kò sí chiperoni kan tí kì í dá a dùbúlẹ̀. A ti lu ìdí ike omi kan, ibẹ̀ la máa ń ki ike oògùn ikọ́ fée, búlúù tí wọ́n ń fín sẹ́nu, bọ̀, kí ó lè fa oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn oògùn náà kì í sí ní ilé ìwòsàn, a ó kàn gbé e jókòó, a ó máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù oníláílọ́ọ̀nù, òun ló ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù, nítorí ẹni tó ń ṣọ́lé kì í sáré. Ó sọ fún mi pé ó wu òun láti máa ṣọ́ ọ. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ kí inú ẹlòmíràn má bàa bàjẹ́.

Tiyamike kì í bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ń kí wọn láàárọ̀, ó ń kí wọn lálẹ́, ó ń gbé òkèlè nsima fún wọn. Ó tán.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Kékeré bi Dókítà Chirambo pé, "Dókítà, bó bá ṣe pé wọ́n ti gbé e dé ọsibítù ní ọ̀sán tó ṣáájú, ṣé àyà rẹ̀ á rí báyìí?"

"Màmá, n kò mọ̀. Ìyẹn gan-an la ń wá láti ọjọ́ yìí." Dókítà ní òun á wo ohun tí wọ́n rí nínú imú Yankho lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó padà wá, ó ń mi orí. "Ó yà mí lẹ́nu. Kò sí nǹkan kan nínú imú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ́ bí imú àgbàlagbà. Ìgbà tó dé ọsibítù la tó rí kòkòrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ ń há mọ́ra lórí ibùsùn kan náà. A kò lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti kó o. Ká ní a rí i nínú ìgò tiyín ni, ì bá là wá lóye."

Màmá Kékeré délé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò wọn lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ ọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ohun tí mò ń wá, èmi ni mo tu ú sínú òjò." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ tó ọjọ́ orí ilé-ìwé, àwọn dókítà se nsima àti adìyẹ, wọ́n pe gbogbo ìyá sí ilé ìjọsìn láti dúpẹ́. Bàbá Bizeki wà níbẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Dókítà Chirambo ní àwọn obìnrin ọ̀dọ̀ wa ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ṣe: wọ́n sọ òtítọ́ nípa ikọ́ ọmọ wọn. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ Màmá Imú. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan hó. Màmá Kékeré dìde láti fèsì.

Wọn kò gbóhùn sókè. Wọ́n ní, "Ẹ má pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó kan ọmọ-ọmọ mi, mo nu imú rẹ̀. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé, mo rí i, mo sì ní àyà rẹ̀ mọ́. Limbani kò ṣe nǹkan kan. Òtútù ló mú ọmọ náà, èmi ni mo fi í pamọ́."

A ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Falesi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má nu ún?"

"Èmi ni, Falesi."

Bàbá Bizeki ti dìde. "O purọ́ fún mi? Lójú mi, níbi tí mo jókòó sí?"

"Mo purọ́ fún yín, Ẹ̀gbọ́n, torí mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ sì ṣe é."

Bàbá Bizeki jáde, wọn kò jẹ adìyẹ. Títí di òní, wọ́n ń sọ pé tsempho ni, pé wọ́n fi oúnjẹ àwọn dókítà ra ẹnu àbúrò àwọn.

Dókítà Chirambo pe Màmá Kékeré sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ilé mélòó, Màmá?"

"Ọ̀kan. Tèmi nìkan."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ka iṣẹ́ wa kò mọ̀ yín." Ó ní gbogbo ọmọ tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́dún yẹn, àwọn ní láti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí àwọn ti kọ sílẹ̀. Yankho, ọmọ Falesi, gbogbo wọn.

Nítorí náà, iṣẹ́ lọ, bàtà òjò nìkan ló kù. Àwọn obìnrin kan kò kí wọn mọ́ lójú ọ̀nà. Falesi sọ fún mi ní odò pé, "Gbogbo ẹkún tí ọmọ mi sun nítorí igi yẹn, wọ́n ti dà á nù." Àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo Màmá Imú, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rìn lọ sí ilé iṣẹ́ tíì, wọ́n dúró sẹ́nu géètì títí Limbani fi jáde. Ohun tí wọ́n bá a sọ, èmi kò gbọ́. Ó ti níyàwó mìíràn ní òdìkejì odò, ìyẹn sì ti bímọ fún un. Kò sí ohun tó lè padà sí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ó wá. Òjò ń kùn lọ́jọ́ náà. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ọgbà, kò wọlé, ó dúró níbi tí ọkùnrin àjèjì ń dúró sí, ó kígbe pé, "Odi!"

"Odini," Tiyamike dáhùn, ó sì dìde láìmọ̀ pé òun dìde.

Yankho jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Òtútù ti mú un láti ìjẹta, àyà rẹ̀ ń dún, ikun ti dé orí ètè rẹ̀. Tiyamike yára mú etí ìró rẹ̀, ó fẹ́ nu ún kí ọkùnrin náà tó súnmọ́ ọn.

Màmá Kékeré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí i bó ṣe wà."

Tiyamike wo ìyá rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ìró náà sílẹ̀. Limbani wọlé, ó lóṣòó níwájú ọmọ, ó wò ó lójú, ó wò ó nímú. Lẹ́yìn náà, ó gbé etí lé àyà rẹ̀, eérú ibi iṣẹ́ ṣì wà ní irun rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí ó tó gbórí sókè.